Ẹ Pe Wolé-wolé Kí Ẹ Tó Lẹ Táìlì: Àlàyé Lórí Ìwé Àṣẹ Ilé Oúnjẹ

Abọ́ omi kan péré ni ìyá wolé-wolé tó wá láti káńsù bù. Ó dà á sílẹ̀ láàárín kíṣìnnì tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó sì dúró, ó ń wo ibi tí omi náà máa gbà. Táìlì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni, ó ń dán gbinrin. Omi ò yà sí ọ̀nà gọ́tà tí a là sẹ́yìn ilé. Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí a kó àpò ìrẹsì àti èlùbọ́ sí ló gbà lọ tààrà. Ìyá náà ò pariwo, kò sì fajú ro. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń fọ ilẹ̀ níbí lálaalẹ́, ibo ni omi ẹran tútù á máa gbà lọ?" Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la wó táìlì yẹn, a tún ilẹ̀ dà, a sì sanwó fún ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣí bukà, ilé oúnjẹ tàbí ilé búrẹ́dì, ohun kan náà ni mò ń sọ fún un: lọ pe wolé-wolé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣófo. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ìgbà tí gbogbo nǹkan bá parí tán ló yẹ ká pè wọ́n, bí ìgbà tí èèyàn ń pe àlejò síbi ìṣílé. Tó bá dìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá rí, wíwó ló kù. Bí ilẹ̀ bá ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n á fi tún un ṣe fún yín, ẹ ò sì ní ná kọ́bọ̀ lé e.

Kí a tó dé orí ilẹ̀ àti omi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tó ń rú èèyàn lójú jù. Ìwé pọ̀, ọ́fíìsì pọ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ọ̀kan pe èkejì. Mo ti pàdé ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn tó ń fi owó pamọ́ oṣooṣù nítorí "nọ́ńbà NAFDAC", ti àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, tí kò nílò rárá. Mo tún ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ìwé CAC kọ́ sára ògiri ilé oúnjẹ rẹ̀, tó gbà pé ìyẹn náà ni àṣẹ láti máa dáná.

Ìwé CAC ò ju pé orúkọ òwò yín ti wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ nílò rẹ̀ láti ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ òwò náà, ó sì dáa kó wà. Àmọ́ àwọn tó fún yín kò wá wo ìkòkò yín rí, wọn ò sì ní wá.

Káńsù ló ni ọ̀rọ̀ ìkòkò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀ tó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, dárúkọ rẹ̀ kedere: àmójútó ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, àti gbogbo ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún aráàlú. Nítorí náà, ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí ẹ máa kàn ni ẹ̀ka ìlera àyíká ní sẹkitéríàtì káńsù tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lábẹ́ rẹ̀. Káńsù tí ṣọ́ọ̀bù wà ni mo wí o, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ń gbé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yìí la ń pè ní wolé-wolé. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni orúkọ náà ti wà, nígbà tí wọ́n ń wọ ilé dé ilé, tí wọ́n ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi. Ẹ̀rù wọn ba àwọn ìyá wa àgbà débi pé bí wọ́n bá ti gbúròó wọn lójúde, wọ́n á sáré da omi àmù nù. Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára wa, òun náà ló sì ń jẹ́ ká máa sá fún ẹni tó yẹ ká lọ bá fún ìmọ̀ràn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níléèwé ni iṣẹ́ wọn. Òfin tó jáde ní 2002 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó ní wolé-wolé lòun, ẹ lè bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá jẹ́ ojúlówó kò ní bínú.

NAFDAC ńkọ́? Oúnjẹ àti ohun mímu tí a dì, tí a lẹ orúkọ mọ́, tó ń kúrò lọ́wọ́ yín lọ sórí igbá ẹlòmíràn, ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmàlà tí oníbàárà jókòó jẹ níwájú yín kò nílò nọ́ńbà. Èlùbọ́ tí ẹ dì sínú ọ̀rá, tí ẹ tẹ orúkọ yín sí, tí ẹ fẹ́ kó lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrẹ́dì, piọ́ wọ́tà, ṣíńṣín inú ike àti sóbò inú ìgò. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti ṣíńṣín ò ṣeé lẹ̀ mọ́ ìgò sóbò. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé òwò a máa dàgbà láìjẹ́ pé olówò fura. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi òfio nínú ife fún àwọn tó ń kọjá, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti ń rọ ọ́ sínú ìgò fún àwọn ẹlòmíì láti lọ tà ní gáréèjì. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ohun mímu tí wọ́n ń tà lójú pópó láìní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ náà tọ́ka sí, wọ́n sì dárúkọ omi òfio. Àwọn tó mọ̀ nípa àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà ti 1971, tí a ń pè ní onígbáméjì, kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ohun tirẹ̀ tó ń béèrè, ti ìpínlẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn. L'Ékòó, ẹ máa gbọ́ orúkọ LAWMA lórí ìdọ̀tí, LASEPA lórí ariwo ẹ̀rọ àti omi ìdọ̀tí. Ẹ má sì lọ ra báálì ike fómù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí kalẹ̀, torí ìjọba Èkó ti kéde òfin tó dè é láti oṣù kìíní 2024. Ohun tó kù, wolé-wolé yín á sọ fún yín. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè lọ bá wọn.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà ò le. Lẹ́tà tàbí fọ́ọ̀mù ni ẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀: orúkọ òwò, àdírẹ́ẹ̀sì, irú oúnjẹ tí ẹ fẹ́ tà, iye èèyàn tó máa bá yín ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá wo ibẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ máa san owó tí káńsù náà fi lélẹ̀, wọ́n á sì fún yín níwèé. Owó yìí yàtọ̀ láti káńsù kan sí èkejì, ẹ béèrè rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lẹ́nu aládùúgbò. Àkáǹtì káńsù ni kí ẹ san án sí, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó sọ́wọ́ òun kí òun lè bá yín "yanjú ẹ̀" ń gba owó tí kò ní jẹ́ tiyín mọ́ bí òṣìṣẹ́ mìíràn bá dé lọ́la.

Kí ni wọ́n wá ń wò? Àwọn èèyàn rò pé ẹwà ilé ni. Ilé tó lẹ́wà lè kùnà, bukà onípáńù sì lè yege, torí ọ̀nà tí àìsàn lè gbà dé inú abọ́ ni wọ́n ń wá.

Omi ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n? Bó bá jẹ́ kànga, báwo ló ṣe jìnnà sí ṣáláńgá? Kì í ṣe ṣáláńgá tiyín nìkan, títí kan ti àwọn tó múlé tì yín. Àlàfo mítà 30 ló dáa kó wà, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ tánkì, ṣé ó ní ìdérí, ìgbà wo lẹ sì fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn? Omi tó mọ́ gaara lójú lè gbé táífọ́ọ̀dù dání, ojú ò lè rí i.

Ọwọ́ ló kàn. Síǹkì àbúrò mi kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ la ti fẹ́ máa fọ abọ́, ẹran àti ọwọ́. Ìyá wolé-wolé náà bi wá pé ẹni tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀, ibo ló máa fọwọ́ sí, a sì nawọ́ sí síǹkì yẹn. Ó mi orí. Ibi ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ dá dúró, kó ní ọṣẹ, kó sì wà lójú ọ̀nà tí kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè wọ kíṣìnnì láì kọjá lára rẹ̀. Bí ẹ ò bá lówó fáńfú omi, kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹ̀rọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì tí omi ìdọ̀tí ń dà sí ń ṣiṣẹ́ náà. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà lórí tábìlì, wolé-wolé sì gbà á.

Wọ́n á wo ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ fi ń gé ẹran. Bí adìyẹ tútù àti sàláàdì bá ń bá ara wọn pàdé lórí pátákó kan, sísè ò lè gba sàláàdì là, torí wọn kì í sè é. Nínú fíríìjì pàápàá, ẹran tútù ló máa wà nísàlẹ̀, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ tó ti jinná.

Àwọn yòókù ò ṣòro: àpò oúnjẹ kó má fara kan ilẹ̀, nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí, ọ̀nà tí èéfín á gbà jáde, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò kọjú sí ibi ìdáná, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti fín oògùn eku àti aáyán.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ ni bí oúnjẹ ṣe ń gbóná tó, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń ṣe àṣìṣe pẹ̀lú ọkàn tó dáa. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé láàárín ìwọ̀n 5 àti 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti máa ń bí sí i kíákíá, pé oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn ju wákàtí 2 lọ. Ẹ wo ìrẹsì. Irúgbìn kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Bacillus cereus, inú ìrẹsì gbígbẹ ló sábà máa ń wà, omi híhó kì í sì í pa á. Bí ìrẹsì bá jinná tán tí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, irúgbìn yẹn á jí, á máa bí sí i, á sì da májèlé rẹ̀ sínú ìrẹsì. A máa ń sọ pé, "Ẹ tún un gbé kaná, iná á pa á." Iná lè pa kòkòrò náà, àmọ́ májèlé tó ti dà sílẹ̀ kì í kúrò nípa gbígbóná. Ìdí nìyí tí ẹni tó jẹ ìrẹsì tó ń yọ èéfín gùdù-gùdù fi lè máa bì kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, bí wolé-wolé bá bi yín pé kí lẹ ń ṣe sí oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lálẹ́, ìdáhùn tó fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ ń pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kéékèèké kó tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì. Bí iná mànàmáná ò bá ṣeé gbọ́kàn lé ládùúgbò yín, ẹ máa se ìwọ̀nba tó máa tán. Èmi rí i pé ìyẹn gan-an ló ń pa owó mọ́ jù, ju jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ó wá ku àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò, àwọn mìíràn a sì tún ní kí wọ́n ya àwòrán àyà nítorí ikọ́ ife. Inú máa ń bí àwọn òṣìṣẹ́ sí èyí, wọ́n á ní, "Ara mi le koko, kí lẹ tún fẹ́ yẹ̀ wò?" Ìtàn obìnrin kan ní New York ni mo fi máa ń dá wọn lóhùn. Mary Mallon ni orúkọ rẹ̀, alásè ni nílé àwọn olówó. Ara rẹ̀ le, kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ṣe alásè ni táífọ́ọ̀dù ti ń bẹ́. Ní 1907 ni wọ́n rí i pé kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀ láì bá a jà, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1910, ó ṣèlérí pé òun ò ní dáná fún èèyàn mọ́. Ní 1915, wọ́n tún bá a nínú kíṣìnnì ilé ìwòsàn àwọn aláboyún, lórúkọ mìíràn, lẹ́yìn tí táífọ́ọ̀dù ti mú èèyàn 25 níbẹ̀. Nínú àhámọ́ ló kú sí ní 1938. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, torí ó dájú pé kò gbà rárá pé òun lòún ń kó o ràn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ yín ò ṣe ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń gbára lé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal nìkan. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wá ni àmì pé ara ti bá táífọ́ọ̀dù jà rí, ó sì lè jẹ́ pé ọdún tó kọjá ni. Nílẹ̀ wa tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, ó lè fi ẹni tí kò ní in hàn bí ẹni tó ní in. Èyí tí wọ́n ti ń gbin ìgbẹ́ sínú abọ́ láàbù láti wo ohun tó máa hù níbẹ̀ ló ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo èyí tí káńsù bá ní kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n bí Widal bá ní òṣìṣẹ́ yín ní táífọ́ọ̀dù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó gbà á níṣẹ́.

Èsì àyẹ̀wò kò sì kọjá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó yege ní Mọ́ńdè lè máa yàgbẹ́ gbuuru ní Fúráìdè. Ilé ló yẹ kó lọ, kó má sì padà dé ìdí ìkòkò títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tí inú rẹ̀ ti dúró. Ẹ sanwó ọjọ́ náà fún un. Mo mọ̀ pé ó ń dun olówò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ nínú owó rẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ tó máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ń ṣe òun.

Bí wolé-wolé bá rí àléébù, nótíìsì ló máa kọ fún yín, á kọ ohun tó rí síbẹ̀ àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi tún un ṣe. Nótíìsì kì í ṣe ìwé ìtìlẹ̀kùn. Èyí tó ń kó èèyàn dé kóòtù ni kó kà á tán, kó ká a sí abẹ́ káúńtà. Ẹ tún ohun tí wọ́n kọ ṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n padà kí ọjọ́ tó pé. Bí ọjọ́ ò bá tó, bóyá bíríkìlà ló já yín kulẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ń fẹ́ àfikún ọjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tí ẹ ń se jọ̀lọ́ọ̀fù fún òde aríyá láti inú ilé, ètò tiyín yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, ìforúkọsílẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, káńsù ò sì lè kọ̀ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é ní ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ wọn á wá, á sì fún yín ní máàkì láti 0 dé 5. Ohun tó sábà máa ń ká àwọn èèyàn wa mọ́ níbẹ̀ ni oúnjẹ 14 tí ara àwọn kan kì í gbà, tí òfin ní kí ẹ sọ fún oníbàárà bó bá wà nínú ohun tí ẹ tà. Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà sì wà nínú yájì súyà. Edé wà níbẹ̀. Ẹ̀wà sóyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ irú tó wà lọ́jà báyìí ló sì jẹ́ pé sóyà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ bi ẹni tó ń ta irú fún yín.

Ní tilé, ọdọọdún ni ẹ máa sọ ìwé àṣẹ náà di tuntun, ti àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ kọ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sára ògiri níbi tí oníbàárà ti lè rí i, kí ẹ sì to ti àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú rìsíìtì wọn sínú fáìlì kan. Àbúrò mi ń lo fáìlì pupa. Ó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹni tuntun kì í sì í fọwọ́ kan ṣíbí títí orúkọ tirẹ̀ náà á fi wọ ojú ewé yẹn.